Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Kó Lọ Bá Ìjókòó Bàbá Àna Mi

Oko ni gbogbo ayé mọ ọ̀wẹ̀ àna mọ́. Bí ọkùnrin bá ti tọrọ ọmọ, tí àwọn òbí ọmọ sì ti gbà á láyè kí ó máa wọlé kí ó máa jáde, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọn yóò sì lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó. Ẹni tó bá dá nìkan lọ ti tẹ́. Wọ́n á ní kò lẹ́nìkan, wọ́n á ní irú ilé wo ni ọmọ àwọn fẹ́ wọ̀ yìí. Ní gbogbo ìhà Ìkọ̀lé títí dé Ìdó, èmi nìkan ni mo mọ̀ tó kó ọ̀wẹ̀ lọ bá ìjókòó mọ́tò. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Orin tó ṣẹ́kù, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Mẹ́káníìkì ni mí. Ìkọ̀lé ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sí, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yẹ́. Àwọn lọ́rì tó ń kó kòkó ni wọ́n ń bọ́ mi. Inú mi yára ru nígbà náà, ó ṣì ń ru títí di òní, ohun tó sì máa ń mú un ru jù lọ ni kí ènìyàn wo ọwọ́ mi kí ó tó wo ojú mi. Ọmọbìnrin Orin tí mo fẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́rì tó gbé e wá sí Ìkọ̀lé ló kú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì jókòó sórí ẹrù rẹ̀ láti àárọ̀ títí tí mo fi tún lọ́rì náà ṣe, kò bú mi, kò kánjú. Nígbà tí ó ń lọ, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Ojú mi ló wò nígbà tí ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ tèmi.

Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, kò parí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, ọkùnrin gíga tó máa ń tẹrí ba kí ó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ níbi tí ẹlòmíràn yóò ti sọ mẹ́wàá. Òun kò ní wàhálà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wàhálà. Ìyá yìí ló tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì le nínú agbo ilé ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Tíṣà ló fẹ́ fún ọmọ rẹ̀, tàbí akọ̀wé. Ó sọ ọ́ lójú mi pé òun kò tọ́ ọmọ kí ó lè máa fọ aṣọ ẹni tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò. Bàbá kàn sọ fún mi pé kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ mi nígbà ìkórè, pé lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yóò fún mi ní èsì.

Èmi ti ń kó àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ fún ebè nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dé láti ìlú òyìnbó. Ó bá ọkọ̀ ojú omi wá, ó sì kó mọ́tò kan bọ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Orin rí. Sípọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é: kékeré, aláwọ̀ ewé, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, wọ́n sì lè ká a sẹ́yìn. Ènìyàn méjì péré ló lè gbà, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ń wo awakọ̀ lójú. Gbogbo ìlú ló jáde wá wò ó. Bàbá wò ó títí, ó sì sọ gbólóhùn rẹ̀ kan: òun fẹ́ kí ọmọ òun fi í gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàbá. Iyọ̀ òkun ti jẹ irin abẹ́ ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, iyanrìn pupa ojú ọ̀nà wa sì ti parí èyí tó kù. Iwájú pátápátá ni ìjókòó náà gan sí, kò sì lọ sẹ́yìn mọ́. Nígbà tí bàbá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Bí ó ṣe jáde tán, ó ránṣẹ́ sí mi ní Ìkọ̀lé. Ó ní, "Kí àgbẹ̀ máa kọ ebè. Kí mẹ́káníìkì wá ṣe uṣẹ́ rẹ̀."

Inú mi dùn débi pé n kò ronú. Iṣẹ́ tí ẹnì kan pẹ̀lú sípánà kan lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pè é, ta ni yóò sì dá nìkan lọ sí ọ̀wẹ̀ àna, pàápàá lójú ìyá tó ń wá ẹ̀sùn yẹn? Mo kó wọn lọ. Awakọ̀ lọ́rì kan, káfíńtà kan, télọ̀ kan, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, àti àwọn àgbẹ̀ tí mo ti bẹ̀ sílẹ̀ fún ebè, tí wọ́n tilẹ̀ gbé ọkọ́ wọn dání nítorí wọn kò gbà mí gbọ́. A dé Orin lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, a ń kọrin wọ agbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rí ogun ọkùnrin tó ń bọ̀ wá bá mọ́tò rẹ̀, ó sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bóòtù mẹ́rin ló de ìjókòó náà mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Mo da kẹrosíìnì sí wọn, mo sì sùn sábẹ́ mọ́tò, níbi tí ìyá yẹn ti fẹ́ rí mi gan-an. Ìpẹtà ti so bóòtù kan débi pé sípánà yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì bó awọ ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, gbogbo wọn tú. A gbé ìjókòó jáde, a dà á dojú dé lórí ẹní. Irin gígùn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ìjókòó ń gbà lórí wọn lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Méjèèjì kò rí bákan náà. Ọ̀kan ní eyín bí ayùn. Eyín yìí ni ahọ́n kékeré kan máa ń bọ́ sí bí a bá fi ọwọ́ irin tí a fi ń sún ìjókòó sílẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ó rìn mọ́. Òpin irin eléyín yìí náà ni èèkàn kékeré kan wà, kí ìjókòó má baà já bọ́ sẹ́yìn. Irin kejì ń yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, kò ní nǹkan kan lára, ó kàn ń gbé ẹrù ni.

Ibi tí mo bá iṣẹ́ dé nìyí tí mo gbójú sókè, tí mo sì rí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ká ọwọ́ gbera. Àwọn ìyàwó ilé ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìyá náà sì ń wo àwọn ìyàwó ilé. Ọlọ́wẹ̀ tó ká ọwọ́ gbera, ẹni tó kó o wá ló ń dójú tì. Káfíńtà mọ èyí, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Jẹ́ kí a yọ èkejì náà." Ìjókòó awakọ̀ kò ní àrùn kankan. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ẹ yọ ọ́."

Inú wọn dùn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tú irin tirẹ̀ náà, olúkúlùkù sì mú ohun tirẹ̀ jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n fi iyanrìn, àkísà àti kẹrosíìnì bo irin náà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kọrin, àwọn obìnrin sì ń gbe orin. Kí n má purọ́, ó dára láti wò. Àwọn tó gbé ọkọ́ wá pàápàá ń ha ìpẹtà. Bàbá jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó tẹrí ba, ó wò wá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín rí. Ojú ẹsẹ̀ náà ni mo gbà lọ́kàn mi pé wọ́n ti fún mi ní ìyàwó.

Wọ́n gbé iyán dé. A kì í sọ fún oúnjẹ àna pé kí ó dúró. A da irin gbogbo sórí ẹní kan, a fọwọ́, a jẹ àjẹyó. Nígbà tí a padà dé, télọ̀ ti ṣáájú wa, ó ti tò wọ́n dáradára ní méjì méjì. Aránṣọ ni, ó mọ bí a ṣe ń to apá aṣọ pọ̀. Ó fi eléyín ti eléyín, ó fi èyí tó ń yọ̀ ti èyí tó ń yọ̀: eléyín méjì lápá kan, èyí tó ń yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì lápá kejì. Lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n wà; kò mọ̀ pé eléyín kan àti èyí tó ń yọ̀ kan ló yẹ ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Iyán sì wà nínú èmi mẹ́káníìkì, orin wà ní etí mi, ẹ̀rín bàbá wà lọ́kàn mi. Mo mú wọn bó ṣe tò wọ́n. Mo fi eléyín méjèèjì sábẹ́ awakọ̀. Mo fi méjì tí kò léyín, tí kò ní èèkàn, sábẹ́ bàbá àna mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọṣẹ́ yóò ní, ṣé kò dán an wò ni? Mo dán an wò. Mo fi gíríìsì tuntun sí i, ó ki débi pé ó di ìjókòó náà mú: mo fi ọwọ́ tì í, kò mì. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, mo fi í sílẹ̀, sípíríìngì rẹ̀ dún kẹ́, bí ó ti yẹ kí ó dún. Ohun tó kù ni kí ènìyàn jókòó lé e, kí a sì wa mọ́tò náà dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ìyá ti mú aṣọ òfì tuntun, ó ti tẹ́ ẹ sórí ìjókòó fún bàbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì ní kí n jókòó wò ó ná. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Àna wo ló máa kọ́kọ́ fi ìdí tirẹ̀ kan àga bàbá ìyàwó rẹ̀, kí bàbá tó wá jókòó lé e? Kò sẹ́ni tó jókòó. Ọ̀wọ̀ ni a pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí télọ̀ rán fún mi. Bàbá jáde nínú agbádá, ó dé fìlà, gbogbo agbo ilé tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n ti ká òrùlé mọ́tò sẹ́yìn kí ìlú lè rí i. Ó wọlé, ó na ẹsẹ̀, àyè sì gbà á. Ó wo ibi tí mo wà, ó mi orí sí mi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí mọ́tò bú, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gun gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, nítorí ilé wọn wà ní kòtò, ọ̀nà sì wà lókè.

Mọ́tò lọ síwájú. Ìjókòó bàbá lọ sẹ́yìn. Ó yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí gíríìsì mi, kò rí eyín tí yóò mú un, kò rí èèkàn tí yóò dá a dúró, ó já kúrò lórí irin, ó sì dojú sókè. Ohun tí mo rí nígbà tí mo gbórí sókè ni ẹsẹ̀ méjì bàbá àna mi lófuurufú, agbádá bò ó lójú, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé itan, fìlà rẹ̀ ń yí lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ bọ̀ wá bá mi. Àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bojú. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbá a létí.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin ń fi ẹnu sọ ọ́. Èmi dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ ilẹ̀ kí ó lanu, kò lanu. Ìyá ti ké sókè, ó ní, "Ẹni tí kò lè gbé àga kalẹ̀ kó dúró, ṣé òun ni yóò gbé ulé ró?" Ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, pé bí ibì kan bá dùn ún, bí ó ti wù kó kéré mọ, kí n kó sípánà mi kí n máa lọ, pé ọmọ àwọn kò ní fẹ́ ẹni tó ṣe bàbá rẹ̀ léṣe. Ó bi í pé, "Ṣé ibì kan dùn yín?"

Bàbá ti dìde, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dì í mú. Ó fi ọwọ́ tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Kò sí. Ẹ bá mi mú fìlà mi." Èmi ni mo gbé e fún un, lórí orúnkún, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó bi mí ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi jókòó wò ó. Mo ní, "Baba, ìjókòó yín ni. A ò lè jókòó lé e kí ẹ tó jókòó." Ó ní, "Tún un ṣe." Àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde láti ràn mí lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ dá wọn dúró. Ó ní kí èmi nìkan ṣe é.

Mo tú u nínú aṣọ funfun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gíríìsì ṣe ń rí lára aṣọ funfun, kí ó wá bi mí. Mo mú eléyín kan kúrò lábẹ́ awakọ̀, mo fi èyí tó ń yọ̀ rọ́pò rẹ̀, mo sì fi eléyín sí ibi tó yẹ lábẹ́ bàbá, gbogbo agbo ilé ń wo ẹ̀yìn mi, kò sẹ́ni tó kọrin. Nígbà tí mo parí, mo nu ìjókòó, mo yẹ̀gbẹ́ kí bàbá lè wọlé. Kò wọlé. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀."

Mo ní, "Baba, n kò lè jókòó síbẹ̀."

Ó ní, "Mo ní kí o jókòó."

Mo jókòó. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Gbogbo Orin ló wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú àkùkọ, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè lórí. Wọ́n ti gbọ́ pé bàbá ń bọ̀ nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá gbúròó wa, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, "Ẹ kú ọdún, Baba!", wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì rí èmi, tí gíríìsì bò láti ọrùn dé orúnkún, tí mo jókòó sórí aṣọ òfì ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò yára. Ìjókòó náà kò mì rárá. Mo wẹ̀yìn, mo rí bàbá lókèèrè, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú eruku wa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé wọn síwájú láti dúpẹ́, bàbá yíjú padà, ó sì fi ọwọ́ pè mí lójú gbogbo ìjọ. Mo lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àlùfáà náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Ti ulé mi ni eléyìí náà." Ó jó, kò jó púpọ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gba ìdána mi, ìyá sì gbà bí ẹni tó gbé egbòogi mì.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo bínú sí bàbá yẹn. Mo sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìyà tó fi jẹ mí pẹ̀lú ìrìn yẹn ju ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ, pé ìbá kúkú nà mí. Bí a bá lọ sí Orin, mo máa ń kí i tán kí n tó jókòó dáadáa, mo sì máa ń wá ọ̀nà àtilọ. Ó máa ń bi mí nípa iṣẹ́, màá dá a lóhùn gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí tó fi kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni ìyàwó mi sọ fún mi. Ó ti búra fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ìṣubú ọjọ́ yẹn ti ba egungun ẹ̀yìn bàbá jẹ́. Kò lè tẹ̀ mọ́ ní àárọ̀ náà, kò lè wọ mọ́tò tó sún mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì gbìyànjú, àbúrò rẹ̀ yóò rí i, ọ̀rọ̀ mi yóò sì parí. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ wo ẹni tó fẹ́ ra kòkó, ìyàwó mi sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ẹ̀yìn náà kò san tán títí ó fi kú. Mo ti rí i tó máa ń pẹ́ kí ó tó dìde kúrò lórí àga bí mo bá wá kí i, mo sì rò pé ìgbéraga ni.

Mo bi ìyàwó mi bóyá bàbá bú mi lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan wà. Ó ní ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí òun fẹ́ pariwo pé kí a dá mọ́tò dúró. Bàbá ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí a máa rìn. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ mọ̀."